Fáìlì Ọwọ́ Ẹni: Fífi Ètò Sórí Kọ̀ǹpútà Láìsí Íntánẹ́ẹ̀tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òwe yìí bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mu ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti rò lọ. Ètò tí ènìyàn ń fi sórí kọ̀ǹpútà kì í sábà dá ṣiṣẹ́. Àwọn ètò mìíràn ní í máa ràn án lọ́wọ́. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ wá wọn. Níbi tí kò bá sí, iṣẹ́ náà di ti ẹni tí ó mú fáìlì lọ́wọ́.

Debian, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yé ni. Lára rẹ̀ ni Ubuntu ti jáde ní ọdún 2004. Nínú àwọn méjèèjì, pákéèjì ni orúkọ ẹrù tí wọ́n di ètò sí. Orúkọ fáìlì rẹ̀ a sì máa parí sí.deb.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Bí fọ́ńtì inú kọ̀ǹpútà kò bá gbé àmì ohùn dáadáa, àmì yóò ṣí kúrò lórí fáwẹ́lì, òǹkàwé kò sì ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Charis, fọ́ńtì tí àjọ SIL ṣe, gbé àmì wọ̀nyí bí ó ti yẹ. Olùkọ́ tí ó bá ti gba pákéèjì rẹ̀ sórí fílááṣì lè ṣí ojú ìlà àṣẹ ní yàrá kọ̀ǹpútà, kí ó lọ sí ibi tí fáìlì náà wà, kí ó sì tẹ àṣẹ yìí:

sudo dpkg -i fonts-sil-charis_*.deb

Láìpẹ́, fọ́ńtì ti wọlé. Kò ná an ní dátà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta tí íntánẹ́ẹ̀tì ìbá ṣe ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Èkíní ni wíwá alábàárìn. Fọ́ńtì rọrùn nítorí pé kò gbára lé ètò mìíràn. Libreoffice-writer, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé òun nìkan wá dà bí ẹni tí ó gbé odó wálé láìmú ọmọ odó: dpkg yóò tú ẹrù náà, yóò ka orúkọ àwọn ohun tí kò rí, yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Kí ó tó kúrò níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ó yẹ kí ó fi àṣẹ dpkg -I wo inú fáìlì náà, kí ó sì ka ìlà Depends. Nígbà tí gbogbo wọn bá pé sí ojú kan, sudo apt install ./*.deb yóò tò wọ́n wọlé. Àmì ./ yẹn ṣe pàtàkì: òun ni ó ń sọ fún apt pé fáìlì tí ó wà nílẹ̀ ni kí ó lò.

Èkejì ni mímọ ọjọ́ orí fáìlì. Bí ẹ̀dà tuntun bá wọlé, yóò rọ́pò ti àtijọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti àtijọ́ ni wọ́n mú wá, dpkg yóò kìlọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò fi í sí i náà ni. Kọ̀ǹpútà tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbọ́ ìròyìn àtúnṣe ààbò. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà fún ẹ̀dà tí ó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ náà sudo ń fún fáìlì ní agbára onílé. Àṣẹ tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè ṣe ohun tí ó wù ú. Nígbà tí apt bá ń gba ẹrù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, a máa yẹ òǹtẹ̀ Debian wò. Fáìlì orí fílááṣì kì í rí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àṣẹ sha256sum ni olùkọ́ lè fi ka àmì ìdánimọ̀ fáìlì, kí ó sì fi wé èyí tí Debian tẹ̀ jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há àṣẹ dpkg sórí ti mọ díẹ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ta ni ó bá a rìn? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ọwọ́ ta ni ó ti wá?” ni a lè fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́.