Ọjọ́ Ìbẹ̀wò Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Kí ilé ènìyàn wà ní Ìdúmọ̀tà, kí ilé-ìwé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Resikọ́ọ̀sì, kí ó má sì fojú kan ìyá rẹ̀ títí ọjọ́ ìbẹ̀wò yóò fi pé, ohun tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó rí nìyẹn ní King's College, ilé-ìwé tí ìjọba amúnisìn ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1909. Ọmọ Ìlọrin tàbí ti Calabar lè sọ pé ọ̀nà ló jìn. Kí ni ọmọ Èkó yóò sọ? Ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń rin ọ̀nà náà, oúnjẹ tí a gbé jáde ní Ìdúmọ̀tà yóò sì gbóná dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, ọmọ náà mọ̀ pé àwọn ará ilé òun wà nínú agbádá funfun, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́ wọn; ìwé ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, géètì sì wà ní títì.

Ìbẹ̀wò tí ó ń tẹ̀lé ìwọlé oṣù Kẹsàn-án ni ó máa ń le jù, nítorí òjò àrọ̀kúrò kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ó gbẹ, ọmọ tuntun kò sì tíì mọ bí a ti í fi omi díẹ̀ wẹ̀ kí agogo tó lù. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti lọ aṣọ, tí yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì pọn omi fún sẹ́níọ̀. Ìyá yóò dé pẹ̀lú ìrẹsì, dòdò, ẹja díndín, gàrí àti súgà. Gàrí ni olórí ẹrù náà. Ẹni tí ó bá gbé bọ́dìn rí kò ní í jiyàn.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

Ọmọ kò ní í sọ pé òru ibẹ̀ gùn. Ìyá kò ní í sọ aṣọ tí ó tà kí owó ilé-ìwé tó pé. Irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn wí? Ní ojú fèrèsé òkè, ẹni tí kò rí àlejò ń wo ẹnu géètì, ó sì ń díbọ́n pé ìwé ni òun ń kà.

Odi ilé-ìwé pàápàá kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ ààbò. Ní ọdún 1944, lásìkò ogun Hitler, a kó àwọn ọmọ kúrò ní ibùgbé wọn nítorí àwọn ológun, a sì fi wọ́n wọ̀ sí ilé nínú ìlú. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. A kó wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Mẹ́jọ nínú wọn ni a mú sí iṣẹ́ ológun, ọ̀kan sì kú níbẹ̀. Ìyá tí ó ti mọ ọjọ́ ìbẹ̀wò, tí ó mọ ẹnu géètì, ibo ni yóò wá gbé abọ́ oúnjẹ gbà?