Ibi Tí Agbára Pọ́ǹpù Mọ

Ọdún 1906 ni Robert Bosch ṣí ọ́fíìsì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, New York ló sì ṣí i sí. Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì kò tíì sí nínú ọjà rẹ̀ nígbà náà. Ó di 1927 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ ní Jámánì.

*

Nínú pọ́ǹpù náà, plọ́ńjà kan, ọ̀pá tó ń ti epo jáde, ló wà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe nípọn tó àti bó ṣe ń gòkè tó ló ń sọ iye epo tó lè tì jáde. Mẹkáníìkì lè yí gbogbo síkúrúù ara pọ́ǹpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, plọ́ńjà kò ní tìtorí ẹ̀ nípọn sí i. Nínú pọ́ǹpù P7100, tí Bosch ṣe fún ẹ́ńjìnì Cummins lítà 5.9 inú Dodge Ram 1994 sí 1998, mìlímítà 12 ni plọ́ńjà nípọn. Àwọn tó ń wá agbára sí i máa ń fi ti mìlímítà 13 rọ́pò rẹ̀.

*

Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ ni ààlà gidi. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan ń fẹ́ bíi kílò 14.5 afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn: epo àti afẹ́fẹ́ kì í ráyè pò dáadáa, nítorí náà èéfín dúdú á ti máa yọ kí afẹ́fẹ́ tó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn fi epo kún epo láì wá túbò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, tó tóbi sí i, igi ló ń kì sínú ààrò tí kò lẹ́nu.

*

Bọ́ọ̀sì èrò tí wọ́n ń pè ní RTS kún ìgboro New York nígbà kan, ẹ́ńjìnì Detroit Diesel ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Wọn kò lo pọ́ǹpù alápapọ̀. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń fún epo. Ohun kékeré kan tún wà tó ń dá epo dúró díẹ̀ tí awakọ̀ bá tẹná lójijì, kí afẹ́fẹ́ lè bá a. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Tó bá bàjẹ́, ẹni tó dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù ló ń fa èéfín náà símú. Ní Harlem, ẹgbẹ́ WE ACT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, bá èéfín bọ́ọ̀sì jà nítorí àwọn ọmọ tó ní ásímà.

*

Lónìí, ọkọ̀ tó dúró ní ìlú New York kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ìṣẹ́jú 1 péré.

*

Kí ẹnikẹ́ni tó fi kún epo tí pọ́ǹpù ń tì jáde, kó gbé pọ́ǹpù náà sórí ẹ̀rọ ìdánwò ná, kó wo iye epo tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Èyí tó bá ń gbà ju àwọn yòókù lọ ló ń yọ èéfín, pístínì rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jó.