Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ Pẹ̀lú Ọmọ Ọdún Méjì

Ẹni tó bá ń wá odi gíga tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, kó má wulẹ̀ dààmú débẹ̀. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, etí omi, ọjà àti àdúgbò ni ìtàn wà. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ibẹ̀ dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn í rìn: kò sí ẹni tí yóò ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ọmọbìnrin mi lò níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé, mo mú ọ̀já dání. Kẹ̀kẹ́ wo ni yóò yí nínú iyanrìn etí ọ̀sà?

Àwọn àgbà ní Oko Òdú ni orúkọ Ìkòròdú ti wá, nítorí òdú tó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò rí i rí. Mo ra ìdì kan fún un lọ́jà. Kò jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí ewé náà fi rọ.

Ní Èbúté, a jókòó wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Èkó. Omi yìí ló sọ ìlú náà di ojú ọ̀nà òwò láàárín Rẹ́mọ àti Èkó, òun ló sì mú kí àwọn Ẹ̀gbá dó tì í nígbà ogun Ìjàyè. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, kó ọmọ ogun dé, tí wọ́n sì lé wọn tú ká. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ogun. Mo ní àwọn kan wá dí ọ̀nà, ebi sì fẹ́ pa ará ìlú. “Ebi!” ló dáhùn, ó nawọ́ sí ìkókorẹ́ tí mo gbé dání.

A gba ọ̀nà Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́. Ní ojú tèmi, ẹni tí kò dé Ẹ̀pẹ́ kò tíì gbọ́ ìtàn Èkó tán. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó, òun, Òṣòdì Tápà àti ọ̀pọ̀ èrò. Ó gbógun ti Èkó ní 1853, kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn pé òun kò ní du Èkó mọ́. Ní 1862 ó padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú èrò rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí Èkó Ẹ̀pẹ́ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, tí ìlú kan fi ní ọba méjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa ní Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí òun, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó pa rédíò rẹ̀.

Ọjà Olúwo ni a pẹ́ sí jù. Ìyá eléja kan béèrè orúkọ ọmọ mi, ọmọ dákẹ́.

“Ṣé kò gbọ́ Yorùbá ni?”

“Ó ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, mà.” Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí i ní jẹ́lé-ó-sinmi.

“Kí ni oríkì rẹ̀?”

“Àbẹ̀kẹ́ ni, mà.”

Màmá pè é, “Àbẹ̀kẹ́ o!” Ọmọ yíjú padà kíá. Ni màmá bá fà á mọ́ra, ó ń fi ẹja hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: àrọ̀, epìyà, ọ̀bọ̀kún. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí n tó la ojú tán, ọmọ ti ń pariwo, “Àrọ̀! Àrọ̀!” Bàtà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.