Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìpara Ṣíṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ náà ni èmi tí mo ń kọ ìwé yìí wà, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí, ọgbọ́n tèmi nìkan ni mo fẹ́ lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìpara tí mo ti ń rà láti ìgbà tí mo ti wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbówó lórí títí apá mi kò fi ká a mọ́. Èyí tí wọ́n ń pò pọ̀ fún ènìyàn lọ́jà kò sì wù mí, nítorí NAFDAC kò yé kìlọ̀ nípa mákíúrì tó ń wà nínú òmíràn lára àwọn tí ń bó ara. Àwọ̀ tí Elédùmarè fún mi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo lọ sí ọjà Odò-Ògbè, mo ra òrí àti àgbọn. (Igi òrí kì í ṣe igi inú igbó Ifẹ̀ o. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti ìhà Ṣakí títí dé ilẹ̀ Kwara àti òkè lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá kíkó èso rẹ̀ lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù 6. Wọ́n ní nǹkan bí 40 nínú 100 èso òrí àgbáyé ni ó ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n nǹkan bí 1 péré nínú 100 owó rẹ̀ ni ó ń kàn wá.)

Èyí tí ń ṣàn bíi ti inú ike, tí wọ́n ń pè ní lóṣọ̀n, ni mo fẹ́ ṣe. Mo yọ́ òrí, mo rin àgbọn, mo fún wàrà rẹ̀, mo da wàrà náà ní tútù sínú òrí, mo sì pò ó títí ó fi funfun bí òwú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi para, wọ́n yìn mí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣe ike 10 fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun, ó sì sanwó sílẹ̀. Mo náwó náà.

Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìpara náà ti kan. Omi yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ bu bíi búrẹ́dì àná. Ìgbéyàwó sì ku ọjọ́ 9.

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá ìyá àgbà mi ní Ìpetumodù. Ojú wọn ti fọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Mo ro ẹjọ́ mi.

“Àjọkẹ́, o da omi sí i?”

“Wàrà àgbọn ni, mà.”

“Kí ló wà nínú wàrà bí kò ṣe omi? Oúnjẹ ni. Oúnjẹ a sì máa kan.”

Àwọn tí ń ṣe lóṣọ̀n ní ilé iṣẹ́ ní oògùn tí wọ́n fi ń so omi pọ̀ mọ́ òróró, àti èyí tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́. Èmi kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Mo ní ṣé kí a lo àdín tí ń bẹ lọ́jà, kí a má wulẹ̀ ṣe wàhálà àgbọn. Wọ́n ní àdín kì í wọ ilé náà. Bàbá ọkọ wọn ni ó ń bọ Èṣù nígbà ayé rẹ̀. Ìyá àgbà ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí bàbá mi, síbẹ̀ àdín kò wọlé. Mo ti kọ èèwọ̀ Èṣù sínú ìwé ìdánwò rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dí mi lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná nìyẹn.

A rin àgbọn, a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un, a fi wàrà rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ré ohun tó dì sókè, a gbé e kaná. Mo mú fóònù jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ìṣẹ́jú mélòó ni, mà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Igi tútù ni àbí igi gbígbẹ?”

Wọ́n fà àpótí súnmọ́ ààrò, wọ́n dẹ etí. Ó ń hó, ó ń ta pàrà pàrà. Wọ́n ní bí ó bá ṣì ń pariwo, omi ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, kí n sọ̀ ọ́ kíá. Ojú mi wà lára ìkòkò, n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Lójijì wọ́n ní, “Ó ti tó.” Mo sọ̀ ọ́. Òróró náà mọ́ gaara.

Ife òrí 3 sí ife òróró 1 ni a lò. Inú abọ́ tí a gbé sórí omi gbígbóná ni a ti yọ́ òrí, a sì gbé abọ́ náà sínú omi tútù, a ń rò ó láìsinmi. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó dì fúnra rẹ̀, yóò di yanrìn-yanrìn.

Mo padà sí Ifẹ̀, mo ṣe ike 10 náà fúnra mi. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní kì í ṣàn, kì í ṣe lóṣọ̀n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpara ni. Ó gba 8, mo dá owó 2 padà fún un. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Oṣù kẹta rẹ̀ nìyí, kò tíì kan. Mo gbé èkejì lọ fún ìyá àgbà. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní:

“Ó ti dákẹ́ tipẹ́ kí o tó sọ̀ ọ́. Ó jóná díẹ̀.”