Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Ijó?

Àbúrò mi, ní apá Èkìtì tiwa yìí, láti Ìkọ̀lé sí Ọyẹ́ títí dé Ẹ̀dá-Oníyọ̀, yìnyín tí a mọ̀ kò ju èyí tó ń bá òjò ńlá rọ̀, tí àwọn ọmọ ń ṣà jẹ, tí yóò sì ti yọ́ tán kí ìyá wọn tó ráyè bá wọn wí. Nítorí náà, bí mo bá dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jó lórí yìnyín, àwọn tó ń wọ bàtà tí irin mímú wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń pòyì nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, o lè bi mí pé kí ló kan bàbá arúgbó níbẹ̀. Ijó ló kàn mí. Ibi tí ènìyàn bá ti ń jó, tí àwọn mìíràn sì jókòó tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi nọ́ńbà díwọ̀n rẹ̀, ọmọ aráyé a máa tú àṣírí ara rẹ̀ níbẹ̀ ju ilé ẹjọ́ lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ijó orí yìnyín di nǹkan ẹgbẹ́, ní Edinburgh ní Scotland ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò ka fífò sí. Ohun tó wù wọ́n ni kí ọkùnrin dúró gbọnrangandan, kí ó fi irin bàtà rẹ̀ fa ìlà róbótó sórí yìnyín, kí ó sì tún gba orí ìlà náà padà láìyẹsẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Jackson Haines, oníjó ará Amẹ́ríkà kan, ló wá fi orin àti apá àti gbogbo ara sí i ní àwọn ọdún 1860. Àwọn ará ilé rẹ̀ yínmú sí i, àwọn ará England náà yínmú. Ó bá gba Vienna lọ, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ijó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e gẹ̀gẹ̀. Ó kú ní 1875, ó sì pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ilé tó gba ohun tí oko ti gbà.

Ní 1892, wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ ní Netherlands. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní St. Petersburg ní 1896, ọkùnrin 4 péré ló jáde. Òfin ò sọ pé kí obìnrin má wá. Kò tilẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn pé obìnrin kan lè dán an wò. Madge Syers, ọmọ England, wọlé ní 1902, ó ṣe ipò kejì, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì ṣíwájú rẹ̀. Kí ni àwọn àgbààgbà ṣe? Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lára ohun tí wọ́n rí wí ni pé aṣọ gígùn kì í jẹ́ kí adájọ́ rí ẹsẹ̀ obìnrin, bí ẹni pé kò sí àlùmọ́gàjí láyé. Ní 1906, wọ́n ya ìdíje sọ́tọ̀ fún obìnrin, òun náà ló sì gbà á.

Ìlà fífà yẹn, àbúrò mi, kò kú bọ̀rọ̀. Títí di 1968, òun ló ń kó ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo máàkì, àgbàlagbà adájọ́ á sì kúnlẹ̀ lórí yìnyín tó tutù rinrin, á máa wo ìlà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Sapporo ní 1972, Beatrix Schuba, ọmọ Austria, gba wúrà bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ipò keje ló wà nínú ijó gan-an. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé kò rí ìlà kankan. Ọmọ tó jó ju ẹlòmíràn lọ ni wọ́n rí, tí wọn ò fún ní wúrà. Wọ́n wá ń gé e kù díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn 1990 wọ́n sì mú un kúrò pátápátá.

Wo ọdún Ẹpa ní àwọn ìlú Èkìtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin á gbé ère igi tó wúwo rù, á jó yípo, lẹ́yìn náà á fò gun òkìtì erùpẹ̀ níwájú gbogbo ìlú. Bó bá gùn ún, gbogbo ìlú ló gùn ún. Bó bá yẹ̀, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn sí i. Òkìtì ni adájọ́, òkìtì kò sì ní ìbátan. Adájọ́ orí yìnyín ní ìbátan, ó ní orílẹ̀-èdè, ó sì ní fóònù. Ọmọ ẹni kò ní í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní 2002, ní Òlíńpíìkì Salt Lake City, adájọ́ Faransé kan ní wọ́n fipá mú òun kí òun gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ Rọ́ṣíà. Ariwo ta, wọ́n sì fún àwọn ọmọ Kánádà náà ní wúrà. Nígbà tó yá, wọ́n da nọ́ńbà àtijọ́ tí kì í ju 6 lọ nù, wọ́n gbé ìṣirò tuntun kalẹ̀ tí èmi ò tíì bá ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láìṣìnà.

Surya Bonaly ló dùn mí jù, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń jó fún Faransé. Ó gba ti Yúróòpù lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, láti 1991 dé 1995. Ní ti àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe ipò kejì. Wọ́n ní agbára rẹ̀ ju ẹwà rẹ̀ lọ, mo sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ìlù tó dún. Ní Japan ní 1994, adájọ́ 5 yan ọmọ Japan, 4 yan òun. Ó bọ́ àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó ń sunkún. Ní Òlíńpíìkì Nagano ní 1998, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó ti mọ̀ pé òun ò ní í gba nǹkan kan, ló bá tàkìtì sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Wọ́n ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀ láti ìgbà tí Terry Kubicka, ará Amẹ́ríkà, ti dá a ní 1976. Wọ́n gé máàkì Bonaly, ó ṣe ipò kẹwàá. Ìgbà ò lọ bí òréré: ní 2024 wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí èèwọ̀ náà, ẹni tó bá sì ta irú òkìtì yẹn báyìí, wọn ò gé máàkì rẹ̀ mọ́. Kò sí máàkì kankan tí wọ́n dá padà fún Bonaly.

Àwọn ọmọ tiwa tó dé orí yìnyín, eré sísá ni wọ́n yàn. Ní Òlíńpíìkì PyeongChang ní 2018, Ṣeun Adígún wa ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà, Sìmídélé Adéagbo sì dojú bolẹ̀ lórí tirẹ̀, tó ń já wálẹ̀ bí òkò. Ipò tó kẹ́yìn ni àwọn méjèèjì ṣe. Aago ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá aago ṣẹjọ́.