Ìpìlẹ̀ Àwọ̀ àti Èdè Abínibí

Wits Art Museum, tí Yunifásítì Witwatersrand ṣí sí Braamfontein ní ọdún 2012, kó iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gúúsù Áfíríkà jọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó jẹ́ ọmọ Zulu, luhlaza ni yóò pe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró. Bí ó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò fi ọ̀kan wé koríko, yóò fi èkejì wé ojú ọ̀run. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè náà lè gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ lásán, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni kò ríran.

Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá. Ìwé ẹ̀kọ́ ní pupa, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ aró ni ìpìlẹ̀ ọ̀dà. Ẹnu àwọn àgbà ní funfun, pupa àti dúdú ni. Epo pupa kò pupa bí ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ta ni ó ń bá elépo jà? Bí àwọ̀ ti mọ́lẹ̀ tó àti bí ó ti ṣókùnkùn tó ni èdè Yorùbá kọ́kọ́ ń wò, ohun tí ayàwòrán kò sì gbọdọ̀ ṣàìmọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo aláró Abẹ́òkúta. Aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró máa ń rí bí ewé; atẹ́gùn ni ó ń sọ àwọ̀ rẹ̀ di ti aró. Bí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ léraléra ni ó ń dúdú sí i. Kí olùkọ́ tó ya òbírí àwọ̀ sójú pátákó, abala aṣọ mẹ́ta, èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò ti kọ́ kíláàsì ní ìdajì iṣẹ́ náà.