Okùn ṣáájà di kọ́kọ́rọ́ olè

Bí onímọ́tò bá ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún "kà", ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, á wọlé lọ sùn. Ilẹ̀kùn ló tì o, ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

L'Amẹ́ríkà, nínú 100 mọ́tò Kia àti Hyundai ọdún 2015, 26 péré ló ní "immobilizer", ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dáhùn bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ gan-an. Tàwọn ilé iṣẹ́ yòókù, 96!

Lọ́dún 2022, àwọn ọ̀dọ́langba rí i lórí TikTok. Wọ́n á fọ́ gíláàsì, wọ́n á tú ìdí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á fi orí okùn ṣáájà yí i, ó parí. Kí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó jáde lóṣù kejì ọdún 2023, ó kéré tán, èèyàn 8 ti kú nínú ìjàǹbá tó tìdí ẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ má wo ọ̀dà dídán nìkan. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀. Olè kì í sọ pé òun ò ní kọ́kọ́rọ́.